Ààlè tí Bàbá fi sóko àgbàdo ní Kubwa: bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ torí oríṣiríṣi ni mo ti ń gbọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn kan ní bàbá Yorùbá kan fi jùjú mú ọmọ ọlọ́mọ ní Kubwa, àwọn kan ní wọ́n lé bàbá náà kúrò láàárín ìlú lóru. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo dúró láàárín tí mò ń túmọ̀ lọ́jọ́ náà, Yorùbá sí Haúsá, Haúsá sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá, títí ohùn mi fi há. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o, torí gbogbo wa la ṣì jọ ń gbé àdúgbò kan náà.

Bàbá tí mò ń sọ yìí, apá Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá, àgbẹ̀ pọ́ńbélé. Ìyàwó wọn ló ṣaláìsí, ni ọmọ wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àbújá bá lọ mú wọn wá sí Kubwa pé kí wọ́n wá sinmi. Sinmi báwo? Ẹni tó ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko látọmọdé! Bí oṣù kan ni Bàbá fi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n ní kí ọmọ wọn bá àwọn bẹ ẹni tó ni pílọ́ọ̀tì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Onílẹ̀ ní kò burú, òun ò tíì fẹ́ kọ́lé. Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, Bàbá ti ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n fi ilá àti ewédú yí etí rẹ̀ ká. Ẹsẹ̀ wíwú yẹn sì lọ o, ojú mi ló ṣe.

Ìparí July ni àgbàdo tó jẹ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti ya mẹ́rin lọ. Ọjọ́ kejì, méje. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni létí wa, wọ́n kàn pe ọmọ ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé kó bá àwọn ṣa nǹkan jọ. Ọmọ yẹn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé Bàbá fẹ́ ṣe ohun ìṣeré fún òun ni. Ohun tí wọ́n ṣa nìyí: ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti jẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ tán, ìkarawun ìgbín tó ti fọ́ létí, ẹsẹ̀ sílípáàsì kan tó ti já, àṣákù ìgbálẹ̀, àti àkísà pupa kan. Wọ́n so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi ti máa rí i. Ìrọ̀lẹ́ Tuesday nìyẹn. Wọ́n pààlè, ìyẹn àmì pé nǹkan yìí lẹ́ni tó ni ín, kí olè má fọwọ́ kàn án, wọ́n wọlé lọ jẹun wọn.

Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé nílẹ̀ Yorùbá, mi ò ní láti ṣàlàyé fún un. Wàá rí igi ìdáná tí ẹnì kan kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tàbí òkìtì iyanrìn, tàbí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì, wàá rí nǹkan àlòkù kan tí wọ́n so mọ́ ọn, bóyá àkísà, bóyá bàtà tó ti gbó, o ti mọ̀ pé ó lẹ́ni tó ni ín, o ó máa bá tìẹ lọ ni. Kò sí ọlọ́dẹ níbẹ̀, kò sí páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí. Àmọ́ Kubwa kì í ṣe Ìṣẹ́yìn. Ilẹ̀ Gbagyi ni, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yan Àbújá ní 1976 pé ibẹ̀ lolú-ìlú máa wà, gbogbo Nàìjíríà ló ti tú síbẹ̀. Ní ojúlé wa nìkan, Haúsá wà, Tiv wà, Igbo wà, Idoma wà, Igala wà, Gbagyi tó nilẹ̀ wà, àwa Yorùbá náà wà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni Bàbá rì mọ́lẹ̀, kálukú sì kà á ní èdè tirẹ̀.

Mẹ́gádì ilé kejì ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ Wednesday. Ó dúró, ó wò ó, ó ní "Tsafi ne!", ó kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Tsafi lédè Haúsá, ohun ìbọ ni, ohun òrìṣà. Kó tó di ọ̀sán fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp àdúgbò, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó ti dé ojúlé wa. Èmi náà rí fọ́tò yẹn níbi iṣẹ́, mi ò kọ nǹkan kan sí i, ó sì ń dùn mí di òní, torí ọ̀rọ̀ kan péré nígbà yẹn ì bá ti pa iná náà kó tó ràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọdé bá ń pe ara wọn níjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, pé ta ló láyà láti ya àgbàdo níwájú jùjú. Ọmọ ilé iwájú wa, ọmọ ọdún méje, ya ọ̀kan. Alẹ́ Thursday, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun fọwọ́ kan oko Bàbá. Igbe tí obìnrin yẹn ké, gbogbo wa la bọ́ síta.

Ẹ̀yin ará, mi ò bá ìyá yẹn wí o. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ti fi fọ́tò yẹn hàn mí lọ́sàn-án, mi ò mọ ohun tí màá ṣe.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ọmọ Bàbá. Ó dé láti ibiṣẹ́, ó bá èrò lẹ́nu gééètì, ó wọlé lọ bá bàbá rẹ̀, èmi sì wà ní páálọ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Díákónì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ilé babaláwo ni mò ń gbé?" Bàbá gbójú sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "O ò mọ ààlè?" Ọmọ ní òun mọ̀ pé nǹkan àwọn abọ̀rìṣà ni. Bàbá ò dá a lóhùn mọ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ Kàdúná?" Kàdúná ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi, ìyá mi máa ń so àkísà mọ́ àpò èédú rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ kírun, mo rí i, mi ò béèrè rí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀ sir. "Díẹ̀" yẹn náà pọ̀ jù fún ohun tí mo mọ̀.

Ọmọ Bàbá fẹ́ fa ọ̀pá náà tu lóru kó lọ dáná sun ún. Mo ní kó má dán an wò, torí bó bá tu ú lóru, ohun tí gbogbo ayé máa sọ ni pé wọ́n ti lọ gbé jùjú wọn pamọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kí a wá jókòó níwájú mai anguwa, olórí àdúgbò wa, lọ́jọ́ kejì, kí Bàbá sọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu ara wọn. Wọ́n gbé ọmọ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Friday, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti dé láti ibi Jímọ̀, a jókòó. Wọ́n fa ọ̀pá náà wá, wọ́n gbé e sílẹ̀ láàárín, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mai anguwa ní kí Bàbá sọ ohun tó jẹ́. Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí Bàbá ní "ààlè ni", mo sì fẹ́ túmọ̀ ààlè sí Haúsá. Mo lo "alama", ìyẹn àmì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dá mi lóhùn wàrà pé "Alamar me?" Àmì kí ni? Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, torí àmì kì í dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń sọ.

Ni Bàbá bá ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ṣùkù yẹn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ rẹ̀ ti tán lára ẹ̀. Ìkarawun, ẹran inú rẹ̀ ti lọ. Bàtà, kò lè gbé èèyàn dé ibì kankan mọ́. Ìgbálẹ̀ tó ti ṣá, ààtàn ló kù tó ń lọ. Gbogbo wọn ló ti wúlò fún ẹnì kan rí tí wọn ò wá já mọ́ nǹkan mọ́. "Mò ń sọ fún ẹni tó fẹ́ jalè ni pé ó ń sọ ara rẹ̀ di báyìí."

Ẹnì kan béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì: ṣé èpè wà nínú ẹ̀ àbí kò sí?

Mo túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún Bàbá, ọkàn mi sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ní kò sí, kí gbogbo wa lọ sùn. Bàbá ní, "Ó wà níbẹ̀. Èmi ò ní purọ́ létí àgbà. Mi ò fi oògùn sí i, mi ò pa ẹran sí i, mi ò pe ọfọ̀ kankan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ọ̀rọ̀ líle ni, èmi ni mo sì sọ ọ́." Wọ́n ní kí n túmọ̀. Mo dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ògbufọ̀ rí á mọ ìdákẹ́ yẹn, pé o lè yọ gbólóhùn kan dànù kí gbogbo nǹkan sì rọlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Bàbá jókòó níbẹ̀ ó ń wò mí, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo rò ó pé bí mo bá bo ọ̀rọ̀ bàbá yìí mọ́lẹ̀, mo ti gbà pé nǹkan ìtìjú ni. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá. Ariwo sọ! Ìyá ọmọ dìde, ó ní ẹ ti gbọ́ o, ó ti jẹ́wọ́.

Bàbá ò dìde. Wọ́n fọwọ́ mú àkísà pupa yẹn, wọ́n ní kí n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n ti rí tírélà tó gbé irin rí, tí irin náà gùn jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo wa ti rí i. Kí ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹnu irin yẹn? Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mẹ́gádì yẹn gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ pariwo tsafi, òun ló dáhùn, ó ní aṣọ pupa ni. Bàbá ní, "Ta ló máa ń sọ pé onítírélà ń ṣe jùjú? Ẹ máa ń sún sẹ́yìn ni. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá sáré kọlu irin yẹn, kì í ṣe aṣọ ló pa yín."

Mo wo ojú àwọn èèyàn nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn tán. Ó wọlé. Torí pé ẹni tó bá ń gbé Àbújá, àmì ló ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. O ń lọ lọ́nà Lokoja, o rí ewé tútù tí wọ́n jù sójú títì, kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ọkọ̀ kan bàjẹ́ níwájú, wàá ti tẹ búréèkì. O rí táyà tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó, o ti mọ̀ pé fọkanáísà wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri, onílé ò ní sùn lóru ọjọ́ náà, ìlà méjì tó gé ara wọn kọjá lásán ni o, àmọ́ ó mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ń tan iná ọkọ̀ sí ara wọn lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. A ti jọ mọ ìtumọ̀ àwọn yẹn ni kò ṣe bà wá lẹ́rù. Ti Bàbá, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, àwa tó yẹ ká ràn án lọ́wọ́ ò sì mọ̀ ọ́n tán.

Ti ọmọ tó ń ṣàìsàn, wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un lóru Thursday yẹn, màlẹ́ríà ni. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ará àdúgbò wa, òun náà wá sí mítìǹgì, ó ṣàlàyé pé láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò náà bá ti jẹ èèyàn, ó máa ń tó nǹkan bí 7 ọjọ́, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibà tó yọjú. Tuesday ni Bàbá pààlè, Wednesday lọmọ ya àgbàdo, Thursday libà dé. Ẹ̀fọn yẹn ti jẹ ọmọ náà kí Bàbá tó ronú ọ̀pá. Wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kó tó lo èyí tó kẹ́yìn ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìpinnu mai anguwa ò le. Ó ní kí Bàbá yọ àwọn nǹkan yòókù kúrò, kí aṣọ pupa nìkan ṣẹ́ kù, kí a sì kọ ọ́ sí pákó ní èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́. Èmi ni mo kọ pákó yẹn, mo fi ọ̀dà dúdú kọ "KADA A TAƁA", mo kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, mo kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án" sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí n sọ òótọ́, wọ́n ṣì jí àgbàdo lẹ́yìn pákó náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá ní kò ya òun lẹ́nu. Wọ́n ní ààlè kì í ṣe fún olè tó ti jingíri nínú olè, ẹni tí ojú ṣì ń tì ló wà fún. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tí kò bá ní inú tó máa bọ́ sí, odidi ìwé náà ò ràn án.

Láti ìgbà yẹn mo máa ń lọ jókòó ti Bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Ìtìjú "díẹ̀" yẹn ló kọ́kọ́ gbé mi lọ, nígbà tó yá ó wá dùn mọ́ mi. Wọ́n sọ fún mi pé ààlè kì í dá wà, pé àrokò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi nǹkan rán dípò ẹnu, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní láyé àtijọ́ bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ìfà ló wà níbẹ̀, ọkàn ẹni yẹn ń fà sí ọ. Bí ìwọ náà bá gbà, wàá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó dojú kọra, ìrẹ́pọ̀ ni. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Bí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ ti yà nìyẹn. Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá sì fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni la ẹnu, ó ti mọ̀ pé àwọn ìjòyè ti kọ òun, ikú ló kù. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀, inú ohùn èdè ló ń gbé. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí ní ojúlé wa.

Èmi náà lọ wádìí díẹ̀ fúnra mi. Ní 1885, wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní London lórúkọ míṣọ́nnárì C. A. Gollmer, ó kó irú àwọn iṣẹ́ báyìí jọ sínú rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan tí àwọn Dàhómì mú lẹ́rú lójú ogun fi nǹkan márùn-ún ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àti àkísà. Òkúta, ara mi ṣì le bí òkúta. Èédú, ọjọ́ iwájú mi ṣókùnkùn. Ata, inú mi ń ta, ọkàn mi ń jó. Àgbàdo yíyan, mo ti gbẹ. Àkísà, ohun tó kù lára mi nìyí. Mo kà á fún Bàbá. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ wọn ti jáde wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò sọ nǹkan kan, ó fa àga kan ó sì jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ó ń jókòó tì wá, bí kò bá sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí wọ́n wá ká èyí tó kù nínú àgbàdo náà, Bàbá ka mẹ́fà sọ́tọ̀. Wọ́n kó o sínú abọ́, wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn gbé e lọ fún ìyá ọmọ iwájú ilé. Ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n báyìí, ó kà á, ó ní "ẹ̀fà", ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ. Obìnrin yẹn, ará Benue ni, kò gbọ́ Yorùbá kankan ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọjọ́ kejì ó dá abọ́ padà, kò dá a padà lófìfo, ẹ̀pà tútù tí wọ́n sè ló kún inú rẹ̀.

Bàbá gbé abọ́ náà sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀pà ń sọ nílé wọn lọ́hùn-ún. Mo ní mi ò mọ̀ sir. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní, "Lọ bi wọ́n pé Bàbá ní kí lẹ̀pà yìí wí." Ó sáré lọ láìwọ bàtà, a gbọ́ tí gééètì dún, a jókòó à ń retí rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ń mí gúlegúle, ó ní wọ́n ní ẹ ṣeun ni o, àti pé ọmọ àwọn fẹ́ wá bá Bàbá ro oko lọ́jọ́ Saturday.